Èjìká Ni Kí Ẹ Gbé Kéèpù Kọ́, Ẹ Fi Ọrùn Ọmọ Sílẹ̀

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kubwa ní Abuja níbí ni mo ń gbé. Àwọn ìbejì mi yóò pé ọmọ ọdún mẹ́fà nínú oṣù kẹjọ, wọ́n sì ti fi dandan lé e pé kéèpù bíi ti Superman, aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn, ni àwọn fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà, àti pé àwọn fẹ́ bá mi ṣe é. Èmi kò mọ aṣọ rán. Mo ra sátínnì yáàdì méjì ní ọjà Wuse. Bí mo ṣe gé ọ̀kan ni etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ìràwọ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀ kò tíì ṣú tí ìràwọ̀ fi ń ṣí. Ríbọ́ọ̀nù ni mo fi ṣe okùn ọrùn. Màmá mi tí wọ́n wá kí wa láti Ọ̀yọ́ rí i, wọ́n ní kí n jù ú nù, pé okùn lọ́rùn ọmọ kì í ṣe eré. Aṣọ wo ni kí n lò? Gọ́ọ̀mù wo ló ń mú? Ṣé òótọ́ ni màmá mi ń sọ, àbí wọ́n kàn ń ṣàníyàn bí ìyá àgbà? Ọmọ mẹ́jọ mìíràn ni a pè sí pátì náà.”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú orí ire ọmọ. Ọ̀rọ̀ màmá yín ni n óò kọ́kọ́ dáhùn, nítorí òun ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ẹ sì fi í sí ìparí bí ẹni pé ó kéré. Òótọ́ ni màmá ń sọ. Ẹ tú ríbọ́ọ̀nù yẹn kúrò lónìí, kí àwọn ọmọ tó tún gbé e kọ́rùn. Ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, oníbàárà mi kan ní Nyanya gbé aṣọ wá pé kí n fi rán kéèpù fún ọmọkùnrin òun. Okùn ni mo fi sí i lọ́rùn, nítorí bí mo ṣe rí i nínú àwòrán nìyẹn. Ọmọ ń sáré kọjá lẹ́bàá géètì, etí kéèpù há sí ìkọ́ géètì, ẹsẹ̀ ọmọ ń lọ, ọrùn rẹ̀ dúró. Ẹnì kan tó wà nítòsí ló sáré gbé e sókè tó sì já okùn náà. Ọmọ kò kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ilà pupa yí ọrùn rẹ̀ ká fún ọjọ́ mélòó kan, ìyá rẹ̀ sì mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n fojú ara mi rí i. Èmi ni mo so okùn yẹn. Láti ọjọ́ náà, n kò fi okùn sí ọrùn aṣọ ọmọdé kankan mọ́, ìbáà ṣe kéèpù, ìbáà ṣe aṣọ òtútù onífìlà.

Kì í sì í ṣe ní Nyanya nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1996, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ọjà tẹ ìlànà jáde pé kí àwọn tó ń ṣe aṣọ òtútù ọmọdé yé fi okùn sí ọrùn rẹ̀, nítorí okùn ọ̀hún ń há sí orí ibi tí àwọn ọmọ ti ń yọ́ bọ̀ ní pápá ìṣeré, àwọn ọmọ sì ń kú. Aṣọ òtútù ni wọ́n ń sọ o, aṣọ tó fún mọ́ ara. Kéèpù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọmọ tó ń sáré, ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wò ó.

Ibo wá ni kí kéèpù rọ̀ mọ́ lára ọmọ bí kò bá gba ọrùn? Yorùbá ti dáhùn tipẹ́: èjìká ni kò jẹ́ kí ẹ̀wù bọ́. Ẹ wo agbádá bàbá yín, èjìká ló ń gbé e. Ẹ wo alkyabba tí àwọn ẹ́míà ń dà bora lórí ẹṣin lọ́jọ́ Sallah ní Zaria, èyí tí àwọn ọmọ wa níhìn-ín ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n: èjìká náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe ti àwọn ìbejì. Ẹ ra Velcro, èyí tó máa ń dún ṣàràrà bí a bá fà á ya, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì tí ẹ kò ní rí i. Ẹ gé e ní ègé kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ínǹṣì kan ààbọ̀ lọ. Ẹ rán apá tó múlọ́múlọ́ mọ́ èjìká tí-ṣẹ́ẹ̀tì tí ọmọ yóò wọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí ẹ rán apá tó ń họ ara mọ́ igun méjèèjì òkè kéèpù. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó o. Bí ẹ bá ti parí, ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, kí ẹ fi ìka méjì péré fa kéèpù láti ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ já bọ́ kíá. Bí ó bá ń fa ọmọ mọ́ ara, Velcro yẹn ti tóbi jù, ẹ gé e kù. Àwọn ìyá kan máa ń sọ fún mi pé yóò máa bọ́ lulẹ̀ nígbà eré. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò máa bọ́, ọmọ yóò sì máa gbé e wá kí ẹ bá òun lẹ̀ ẹ́ padà. Ohun tí a fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́ fúnra rẹ̀, bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín sí, ẹ rò pé àìmọ aṣọ rán ló kó yín sí wàhálà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti ń ránṣọ fún ọdún mẹ́rìnlélógún, bí ẹ bá gbé sátínnì yẹn fún mi pé kí n gé e kí n má sì rán etí rẹ̀, tèmi náà yóò tú. Aṣọ ni kò bá yín mu. Ankara, gíníì, àtíkù, sátínnì, gbogbo wọn ni wọ́n hun bí aṣọ òkè: òwú kan lọ lóòró, òmíràn gba àárín rẹ̀ kọjá ní ìbú. Bí sísọ́ọ̀sì bá ti là á kọjá, òwú tó wà létí kò rí ohun tó dì í mú mọ́. Sátínnì ló wá le jù, nítorí òwú rẹ̀ máa ń fo òwú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rì sábẹ́ ẹyọ kan. Òun ló ń jẹ́ kó máa dán bí omi, òun náà ló ń jẹ́ kó tètè yọ. Ṣùgbọ́n tí-ṣẹ́ẹ̀tì àti síńgílẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀. Ojóbó-ojóbó ni wọ́n fi òwú wọn kọ́ ara wọn, bí ẹ bá gé e, etí rẹ̀ á ká díẹ̀ ni, kò ní tú. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè fi sísọ́ọ̀sì iléèwé gé e, kó gé e wọ́gọwọ̀gọ, kò sì ní bàjẹ́.

Nítorí náà, bí owó bá ṣọ̀wọ́n tàbí tí àkókò kò sí, ẹ má ra aṣọ rárá. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ lọ tú àpò àkísà yín àti ti bàbá wọn. Tí-ṣẹ́ẹ̀tì àgbà tó fẹ̀, pupa tàbí búlúù, yálà ti ilé tàbí èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ àwọn oní-gwanjo, àwọn tó ń ta aṣọ àlòkù, ní ọjà Kubwa, kéèpù kan ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti abẹ́ ọrùn rẹ̀, kó fẹ̀ ní ínǹṣì 12 lókè, kó máa gbòòrò bọ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹ má fi rọ́bà ọrùn tí-ṣẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ kí ọmọ máa kì í bọ orí. Mo ti rí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó yá. Rọ́bà yẹn kì í já bí nǹkan bá fà á, okùn náà ni. Iwájú tó ṣẹ́kù, ìràwọ̀ àti mànàmáná ni ẹ ó gé lára rẹ̀.

Sátínnì tí ẹ ti rà kò gbọ́dọ̀ ṣòfò ṣá. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ínǹṣì 45, yáàdì kan lè bí kéèpù méjì fún ọmọ ọdún mẹ́fà: òkè 12, gígùn 25, ìsàlẹ̀ 25. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí ẹ dojú ọ̀kan sókè, kí ẹ dojú èkejì délẹ̀, kí ibi tóóró ọ̀kan bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi gbòòrò èkejì. Ẹ óò rí i pé wọ́n gba ara wọn, ègé yóò tún ṣẹ́kù fún ọ̀ṣọ́. Ẹ wọn ọmọ kí ẹ tó gé: láti ìpìlẹ̀ ọrùn lẹ́yìn dé kòtò orúnkún. Kéèpù kò gbọ́dọ̀ kọjá orúnkún, bó bá kọjá, ọmọ yóò tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń gun àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó ní ẹ̀rọ wífìn, kó bá yín lu etí rẹ̀ yí ká, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Bí ẹ kò bá lè jáde, ẹ tẹ́tí sí obíọmà tó máa ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká kiri àdúgbò, tó ń fi sísọ́ọ̀sì dún kẹ́ń-kẹ́ń. Wọ́n mọ etí aṣọ ká dáadáa, owó wọn kò sì pọ̀, mo sì fẹ́ràn kí àwọn ọmọ dúró wo bí ó ṣe ń ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ Abuja kò rí ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ yí rí.

Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ fi àbẹ́là sun etí sátínnì, pé kò ní tú mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fún sátínnì tó jẹ́ poliẹ́sítà, òwú oníke, nìkan, nítorí iná ń yọ́ ọ, tó bá sì tutù á dì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ẹ̀mú irin di ègé kékeré mú lórí abọ́ omi, kí ẹ tanná sí i. Èyí tó yọ́ tó sì di kókó líle dúdú, poliẹ́sítà ni. Èyí tó rùn bí ìwé tó ń jó, tí eérú rẹ̀ fẹ́lẹ́, òwú gidi ni, iná kò ní ṣe é lóore. Àgbà nìkan ni kó ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Poliẹ́sítà tó yọ́ máa ń kán tó-tó bí epo gbígbóná, ibi tó bá kán sí lára, kì í tètè kúrò níbẹ̀.

Èyí ló tún mú mi rántí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún gbogbo òbí tó ń bọ̀ síbi pátì: bí ó bá di àkókò àti tan àbẹ́là kéèkì, kí gbogbo kéèpù kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá tó yí tábìlì ká, tí gbogbo wọn ń na ọrùn láti fẹ́ iná, aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kò gbọ́dọ̀ sí láàárín wọn. Bákan náà ni bí wọ́n bá fẹ́ gun jáńgírọ́fà tàbí kẹ̀kẹ́, àti bí wọ́n bá wọ ilé ìdáná.

Ẹ wá béèrè gọ́ọ̀mù tó ń mú. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn ọmọ ń lò níléèwé, tí àwọn káfíńtà náà ní irú rẹ̀, dára lórí pákó àti ìwé, ṣùgbọ́n omi ń tú u, ara sátínnì tó ń dán kò sì jẹ́ kó wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìràwọ̀ yín nìyẹn. Glue gun tí àwọn tó ń ṣe fìlà àti fásínétọ̀ ń lò máa ń mú fún ọjọ́ kan méjì, pàápàá lórí aṣọ tó ní irun lára, ṣùgbọ́n ó ń di pákó, bí ẹ bá ká kéèpù, á ṣí lódindi. Ẹnu rẹ̀ sì gbóná ju omi híhó lọ, ọwọ́ ọmọ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà ń mú dáadáa, òórùn rẹ̀ ni kò yẹ kí ọmọ máa fà símú, ó sì ń fi àbàwọ́n pípọ́n sílẹ̀.

Èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe lò rárá ni súpá gúlù, oníke kékeré yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ewu rẹ̀ kò ju kí ìka lẹ̀ mọ́ ìka lọ. Bí ó bá kán sára aṣọ òwú, àwọn méjèèjì yóò bá ara wọn jà, ooru yóò sì jáde níbẹ̀ lójijì, ooru tó lè jó awọ ara láti inú aṣọ. Ọmọbìnrin mi àgbà ni mo ti rí i lára rẹ̀. Ó ń lẹ òkúta dídán mọ́ aṣọ rẹ̀ nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ó kán sí orí itan rẹ̀, ó sì pariwo kí n tó dìde. Èéfín ń yọ lára aṣọ náà. Àpá rẹ̀ ṣì wà.

Kí ló wá ń mú? Àbùlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà dójú tì yín, àbùlẹ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ló wà lára ẹ̀kú àwọn egúngún kan, ègé aṣọ lórí ègé aṣọ, tó ń fẹ́ yí ká bí egúngún bá ń pòyì. Ẹ ra gum stay, aṣọ tó ní gọ́ọ̀mù lójú kan, ìdajì yáàdì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò télọ̀. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìràwọ̀, ojú tó ní gọ́ọ̀mù ni kó kọ sí aṣọ. Jẹ́ kó tutù, lẹ́yìn náà ni kí ọmọ ya ìràwọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kó sì gé e. Nítorí gum stay ti di òwú mú, etí rẹ̀ kò ní tú bí ìṣáájú. Ẹ wá fi abẹ́rẹ́ àti òwú tó nípọn rán an mọ́ kéèpù yí ká, kí ojú abẹ́rẹ́ jìnnà síra, kò burú. Abẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò mú jù, ọmọ ọdún mẹ́fà lè lò ó bí ẹ bá jókòó tì í. Mo máa ń kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì to àmì kékeré-kékeré sílẹ̀, kí ọmọ mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ àti ibi tó ń gbà jáde. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú ogún. Ọwọ́ á ro wọ́n lẹ́yìn èyí, kí ẹ bá wọn parí rẹ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú èyí tí wọ́n ti rán kí ẹ lè tún un rán kó tò dọ́gba. Ọmọ yóò mọ̀. Mo ti rí ọmọ tó gbé kéèpù dání láàárọ̀, tó wò ó títí, tó sì ní, “Ibi tí mo rán kò sí mọ́.” N kò lè gbàgbé ojú ọmọ náà.

Nípa àmì tí wọn yóò fi sí i, Superman tí wọ́n ń sọ, ọdún 1938 ni ìtàn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Jerry Siegel tó ń kọ ìtàn àti Joe Shuster tó ń ya àwòrán, ni wọ́n dá a sílẹ̀. Lẹ́tà tó wà láyà rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni. Bí Táyé bá wá fi T sí tirẹ̀, tí Kẹ́hìndé fi K sí tirẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n ṣe, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kì í ṣe kéèpù gidi. Ní kíláàsì ìsinmi tí mo máa ń ṣe fún àwọn ọmọ àdúgbò, n kì í gbé àwòrán kankan síwájú wọn. Ìtàn Mọrèmi ní Ifẹ̀ àti ti Amina, ọba obìnrin Zazzau, ni mo máa ń sọ, lẹ́yìn náà ni mo máa ń bi wọ́n pé, “Kí ni ìwọ mọ̀ ọ́n ṣe tó ń ran àwọn ará ilé lọ́wọ́?” Wọ́n á kọ́kọ́ dákẹ́. Ọmọkùnrin kan ya gílóòbù iná, ó ní òun ni òun máa ń lọ tan jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú bàbá òun. Ọmọbìnrin kan ya etí, nítorí òun nìkan ló máa ń gbọ́ bí ìyá àgbà bá pè láti yàrá ẹ̀yìn. Ọmọ Hausa kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ya ewúrẹ́ mẹ́ta, ó ní òun ni òun ń kó wọn wọlé bí òjò bá ṣú. Àwọn kéèpù yẹn kò jọ ti ẹnì kankan, wọ́n sì wọ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbó.

Bí ẹ bá fẹ́ àwọ̀ dípò àbùlẹ̀, aṣọ òwú ni kí ẹ lò, kì í ṣe sátínnì. Ọ̀dà kì í wọ inú poliẹ́sítà dáadáa, orí rẹ̀ ló máa ń jókòó sí títí yóò fi ṣí. Aṣọ tuntun náà, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí ṣítáàṣì ilé iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ gé pòtétò tí wọ́n ń kó wá láti Jos sí méjì, kí ẹ fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìràwọ̀ tàbí òṣùpá sójú rẹ̀, ẹ nu omi ara rẹ̀, kí ọmọ máa tẹ̀ ẹ́ sínú ọ̀dà aṣọ kó sì máa tẹ̀ ẹ́ lé kéèpù. Kò sí ohun tó tún dùn mọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà bí èyí. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ìhà Ọ̀yọ́ tún lè ṣe bí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ: ẹ ro láfún kó ki díẹ̀, kó tutù, ẹ rọ ọ́ sínú ọ̀rá pure water tí ẹ ti fọ̀, kí ẹ gé igun rẹ̀ bí orí ìṣáná, kí ọmọ máa fún un láti fi ya ìlà sórí aṣọ funfun. Bí ó bá ti gbẹ pátápátá, ẹ fi ọ̀dà tí ẹ fi omi là kun gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀dà bá gbẹ, ẹ fi omi tútù fọ láfún kúrò, ìlà funfun yóò yọ. Màmá yín yóò gbádùn èyí ju gbogbo yín lọ. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ ni ẹ ń sọ, àárín òjò Abuja nìyẹn. Aṣọ tó máa gbẹ láàárín wákàtí mélòó kan nígbà ọyẹ́ lè gbà yín ní ọjọ́ méjì, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí ọ̀dà lè dúró. Bí iná ìjọba kò bá sí, áyọ́ọ̀nù eléèédú ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti lo aró gidi pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kọ́sítíìkì tí wọ́n ń fi ṣe é ń bó awọ ara, ó sì lè fọ́ ojú.

Ní ti ọmọ mẹ́jọ tó ń bọ̀, ẹ má dán an wò láti ṣe kéèpù pẹ̀lú gbogbo wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ti ṣe é rí, àwọn tó kéré jù ń sunkún, àwọn tó dàgbà ń fi sísọ́ọ̀sì lé ara wọn. Ẹ gé kéèpù tí-ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ sílẹ̀, kí ẹ kọ̀wé sí àwọn òbí pé kí wọ́n wọ tí-ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́ fún ọmọ wọn, kí ẹ lè yára fi abẹ́rẹ́ so Velcro mọ́ èjìká rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré. Òbí tí kò bá fẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan aṣọ ọmọ rẹ̀, ẹ fún ọmọ náà ní ìdè ọwọ́ tó ní ìràwọ̀ dípò kéèpù. Pẹ́ẹ́nì tó ń kọ sára aṣọ ni kí ẹ fún wọn láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, ọ̀dà kò ní gbẹ. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà láàárín wọn, bọ́tìnnì àti òkúta dídán kò gbọ́dọ̀ sí nílẹ̀ rárá, ẹnu ni yóò kó wọn sí.

Ẹ lè ra èyí tí wọ́n ti rán, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí iṣẹ́ yín kò bá fún yín láyè, ẹ rà á, kí ẹ gé okùn ọrùn rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi Velcro sí èjìká bí mo ṣe wí. Ó máa ń dán ju tilé lọ, ọmọ tó bá fẹ́ kó jọ ti inú fíìmù gẹ́lẹ́ yóò sì rí ìyàtọ̀, n kò ní tàn yín. Kéèpù tí-ṣẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ sókè bíi sátínnì nítorí ó wúwo. Àbùlẹ̀ tí ọmọ fọwọ́ rán yóò máa tú níbì kan níbì kan, ẹ óò sì máa tún un rán. Ṣùgbọ́n àwọn ìbejì yín ti sọ pé àwọn fẹ́ bá yín ṣe é, bí mo bá sì wà ní ipò yín, èyí ni n óò gbọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò béèrè. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fi kéèpù wọ̀ wọ́n, kí wọ́n tó sáré jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá tiwọn ṣe déédéé, kí ẹ sì sọ ọ́ jáde pé kéèpù yìí kì í fò, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fò láti orí àga, orí bẹ́ẹ̀dì tàbí bàkóńnì. Ẹ ní kí Táyé tún un sọ, kí Kẹ́hìndé náà tún un sọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ̀ pé eré ni, síbẹ̀ bí eré bá wọ̀ ọ́ lára, ó lè gbàgbé. Kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn bàkóńnì. Ní alẹ́ tí ẹ bá rán nǹkan parí, ẹ ka píìnì àti abẹ́rẹ́ yín kí ẹ tó ká ẹní. Iye tí ẹ mú jáde ni kó padà sínú agolo. Bí ó bá ku ẹyọ kan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá a kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹsẹ̀ ọmọ tó kọ́kọ́ rí i.